Ìró Tó Wọ Bàálù Lọ sí Ìlọrin

“Kí ló tutù fúnra ẹ̀? Káfítéènì, ẹ tún un sọ kí etí mi gbọ́ ọ dáadáa!”

Àdúà ọjọ́ kẹjọ Ismaheel, mẹkáníìkì tí gbogbo Ọ̀yọ́ mọ̀, ni wọ́n ń ṣe lọ́wọ́ tí Marufat, ìyàwó ẹ̀, fi kígbe báyìí láàárín àlejò. Ebenezer ló ń bá wí, ẹni tó máa ń fi bàálù kékeré fọ́n oògùn sí oko àgbàdo lọ́nà Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde yin òkú ni. Ó ní èèyàn dáadáa ni, ó bá òun jókòó lọ́jọ́ tí bàálù yarí, títí bàálù fi tutù fúnra ẹ̀.

Fúnra ẹ̀ kẹ̀!

Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, Ismaheel àti Marufat ń lọ kí àna wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n dé ẹ̀bá oko yẹn lọ́sàn-án gangan, ni Ismaheel bá gbọ́ igbe ẹnjìnnì. Kò sì lè gbọ́ igbe ẹnjìnnì kó kọjá, bí ìgbà tí ọmọ ń sunkún lójú títì ni.

Ebenezer ló ń ṣíná. Ó balẹ̀ ire, ó paná, ó jẹun. Ìgbà tó padà dé, bàálù ní òun ò lọ. Á wúkọ́, á gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú, á kú. Bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ tútù, ẹ̀ẹ̀kan náà ló máa ń jí.

“Ọdún mélòó ni?” Ismaheel bi í.

“Ọdún mẹ́fà.”

“Ọmọdé ni.” Ó kọjú sí bàálù. “Dákẹ́, mò ń bọ̀.”

Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Bọ́lẹ̀kájà tó bá jù ú lọ, á dọ̀bálẹ̀ kí i: “Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀gbọ́n.” Ọkọ̀ tuntun tí kò bá dá a lóhùn, á ní ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ ò dáa.

“Káfítéènì, ẹ yé ṣíná, ẹ máa pa bátìrì. Ooru ẹnjìnnì ti sọ bẹntiróòlù di oru nínú páìpù tín-ín-rín yìí. Ṣé òórùn ọbẹ̀ máa ń yó yín ni?”

“Bàbá, bàálù rèé o, kì í ṣe bọ́lẹ̀kájà.”

“Ṣé bẹntiróòlù mọ̀ pé bàálù lòún wọ̀?”

Ó ní kí wọ́n dojú bàálù kọ atẹ́gùn, kí wọ́n ṣí ìdérí ẹnjìnnì. Ló bá yíjú sí ìyàwó ẹ̀.

“Marufat, bọ́ ìró òkè yẹn.”

“Ìró tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà! Lójú àna mi ńkọ́?”

“O ṣáà ní tinú.”

Ó rì í sómi, ó fún un, ó tẹ́ ẹ lé páìpù. Nígbà tó yá, ó yọ ọ́ kúrò. Ó ní kí Ebenezer fi pọ́ǹpù ti bẹntiróòlù tútù gba inú páìpù kọjá padà sí táńkì, kó lé oru jáde, kó tó ṣíná. Bàálù ò wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó bú ramúramù! Àwọn òṣìṣẹ́ oko hó yèè. Inú Ebenezer dùn débi pé ó ju ìró sẹ́yìn àga, ó fò lọ sí Ìlọrin.

“Ìró mi o!” Marufat ń sáré tẹ̀ lé bàálù.

Ismaheel ń juwọ́. “Jẹ́ ó máa lọ! Nínú ìdílé wa, òun ló kọ́kọ́ wọ bàálù.”

Láti ọjọ́ náà ni Ọjà Akẹ̀sán ò ti sinmi lọ́wọ́ ìtàn tí Ismaheel ń sọ. Nígbà tí ààwẹ̀ fi máa dé, bàálù ti di ẹlẹ́njìnnì méjì lẹ́nu ẹ̀.

“Bàbá Mashood, ẹnjìnnì kan ni,” Marufat sọ fún ọkọ ẹ̀.

“Ìró ẹ lò ń wò, báwo lo ṣe máa rí ìkejì?”

Ismaheel rẹ́rìn-ín títí. Lọ́dọọdún ló ń sọ pé òun máa lọ gba ìró náà wá. Ọdún yìí ni kò lọ mọ́. Láti ọjọ́ tó ti kú, Marufat ló ń dé ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, á kúnlẹ̀ síwájú bọ́lẹ̀kájà kan báyìí: “Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀gbọ́n. Ó ní kí n máa kí yín.”

Níbi àdúà, gbogbo àlejò yíjú sí Ebenezer. Marufat sún mọ́ ọn.

“Tí kì í bá ṣe ọkọ mi ló jí bàálù yín dìde, Káfítéènì, ìró ta lẹ gbé fò lọ? Ẹ dá mi lóhùn!”