Sájẹ́ǹtì Fidencio àti Igi Ìwọ̀n

Ọjọ́ tí Sájẹ́ǹtì Fidencio Yucra wọn Kọ́mándà Bracamonte, tó sì rí i pé ọ̀gá òun ò ga tó ọlọ́pàá, igba èèyàn péré ló wà níbẹ̀. Àwọn tó ń búra pé ó ṣojú àwọn ti tó ẹgbàárùn-ún báyìí.

Kọ́mándà ló mú ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá sí ilé ẹ̀kọ́ ọlọ́pàá Vilapampa lọ́jọ́ tí wọ́n ń gba ọmọ tuntun. Ọmọ náà wọ bàtà gogoro, ó sì fi òróró gbé irun rẹ̀ dúró ṣánṣán bí ilé ọ̀gán. Sájẹ́ǹtì ní kó bọ́ bàtà. Ó bu omi tútù, ó fi pa irun náà lélẹ̀, ó gbé ọmọ ti igi ìwọ̀n, ó sì sọ pákó kékeré tó wà lórí igi náà kalẹ̀ sí àtàrí rẹ̀. Pákó náà kọjá ìlà pupa tí òfin ní kí orí ọkùnrin dé, ó ń bá tirẹ̀ lọ sísàlẹ̀.

"Ó kúrú," ni Sájẹ́ǹtì wí.

"Tún un wọ̀n," ni Kọ́mándà wí.

Ó tún un wọ̀n. "Ó ti kúrú sí i, sà. Ó jọ pé ẹ̀rù ń bà á."

"Igi yẹn ni ò dáa."

"Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, sà. Ẹ jẹ́ ká fi ẹni tí gbogbo wa mọ̀ pé ó ga dán an wò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bọ́ fìlà."

Ojú ti pọ̀ jù kí Kọ́mándà tó lè kọ̀. Ó bọ́ fìlà, ó sì lọ dúró. Kí pákó tó kàn án lórí, ó ti fi ìka mẹ́ta kọjá ìlà pupa sísàlẹ̀. Sájẹ́ǹtì wo igi, ó wo ọ̀gá rẹ̀, ó mi orí. "Òótọ́ lẹ wí, sà. Nínú ẹ̀yin àti igi yìí, ọ̀kan ò yẹ kó wà nínú iṣẹ́ ọlọ́pàá."

Wọ́n ṣáà gba ọmọ náà. Ìgbìmọ̀ tó ń yan ọmọ tuntun ní ọgbọ́n orí ni iṣẹ́ yìí ń fẹ́, kì í ṣe gíga. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi í: "Bí olè bá ń sá lọ níwájú rẹ, ta ni wàá kọ́kọ́ pè?" Ó ní, "Àbúrò bàbá mi." Wọ́n fún un ní gbogbo máàkì. Ní ti Sájẹ́ǹtì, wọ́n dá òun náà lọ́lá: ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n fi jẹ́ kó wà ní ipò sájẹ́ǹtì, kó má baà gbàgbé iṣẹ́.

Sájẹ́ǹtì ti wá kú báyìí. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ sin ín, pálọ̀ rẹ̀ kún fún àwọn ọlọ́pàá tó ti wọ̀n rí, ewé koka tí wọ́n ń jẹ bí obì níbẹ̀ lẹ́nu kálukú. Nieves Calani, obìnrin tó ti di ọ̀gá téṣàn ìsàlẹ̀ ìlú, jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Rogelio, ọlọ́pàá ojú pópó tí ikùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ dé oríta, ló gba ọ̀rọ̀ sọ.

"Ẹ rántí ìdánwò olè mímú? Ilé ẹ̀kọ́ ò rí olè háyà, Sájẹ́ǹtì fúnra ẹ̀ ló máa ń ṣe olè. Ó gbé wàràkàṣì, ó sá. Mo lé e, mo bá a níbi kọ̀rọ̀. Mo ní, 'Dúró, ọlọ́pàá ni mí.' Ó ní, 'Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ibẹ̀ yẹn lolè náà gbà.'"

"Ìwọ náà wá ńkọ́?" ni Nieves bi í.

"Mo gba ibẹ̀ lọ."

"Títí dé ibo?"

"Títí dé ojú irin. Nígbà tí mo máa fi padà dé, ó ti jẹ wàràkàṣì tán. Òdo ló fún mi. Ó kàn kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé pé mo lẹ́sẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní ó kan Nieves.

Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ní Vilapampa pé èèyàn máa ń ga tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, pé ìdúró àti ìrìn ló ń tẹ egungun mọ́lẹ̀. Nítorí náà, dídùbúlẹ̀ ni wọ́n ń dùbúlẹ̀ lọ síbi ìwọ̀n: wọ́n á fi kẹ̀kẹ́ ẹrù ti ẹnì kan, wọ́n á fi ilẹ̀kùn gbé ẹlòmíràn, ẹ̀gbọ́n á gbé àbúrò kọ́ èjìká bí àpò ọ̀dùnkún. Àjèjì tó bá rí wọn láàárọ̀ ọjọ́ yẹn á rò pé àjàkálẹ̀ àrùn ló wọ̀lú. Àṣé àwọn tó fẹ́ wá dáàbò bo ìlú ni.

Nieves ti pé ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n nígbà náà. Bó bá fi pé ọdún kan sí i, òfin ò ní gbà á mọ́, ẹ̀yìn láámà, ẹran ọ̀sìn wọn tó dà bí ràkúnmí kékeré, ni yóò wà títí ayé. Ìyá rẹ̀ tẹ́ ẹ sínú kẹ̀kẹ́ ọ̀dùnkún láti abúlé wọn, ó ń tì í bọ̀. Ní agbede méjì ọ̀nà, ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ yọ. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni Nieves fi rin máìlì mẹ́ta tó kù. Ọ̀sán ti pọ́n kó tó dé, òun sì ló kẹ́yìn. Sájẹ́ǹtì sọ pákó kalẹ̀.

"Ààbọ̀ ìka ló kù kó dé ìlà àwọn obìnrin."

"Bàbá, ó ga láàárọ̀," ni ìyá rẹ̀ wí. "Gbogbo abúlé wa ló rí i."

"Ìyá, n kì í wọn àárọ̀. Orí ni mò ń wọ̀n."

Ìyá fa adìyẹ kan yọ lábẹ́ aṣọ ìbora rẹ̀. Sájẹ́ǹtì wo adìyẹ náà láti orí dé ẹsẹ̀. "Èyí náà kúrú."

Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè wo òfin tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, pé wọn ò gbọdọ̀ pa ìwé ìwọ̀n dé títí ẹni tó ń wọ̀n yóò fi kọ gbogbo nǹkan nípa ẹni tó kẹ́yìn. Ó fa ìwé náà mọ́ra.

"Èmi gan-an ni mo ṣàṣìṣe. Ó yẹ kí n ti kọ orúkọ rẹ kí n tó wọ̀n ọ́. Dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ńṣì yẹn, kó o máa dá mi lóhùn. Orúkọ?"

"Nieves Calani."

Ó kọ lẹ́tà kan. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí i kó gbẹ. Ó kọ èkejì. Ó béèrè orúkọ ìyá ìyá rẹ̀, ó béèrè ẹni tó gbẹ̀bí ìyá ìyá náà.

"Ẹran láámà mélòó lẹ ní?"

"Mẹ́rìnlélógún, sà."

"Dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan."

"Kí lorúkọ ẹran fẹ́ ṣe nínú ìwé ọlọ́pàá, sà?"

"Ṣé èmi ni mò ń wáṣẹ́ ni, àbí ìwọ? Dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́."

Ọ̀gá kan láti inú ìgbìmọ̀ yọjú. "Sájẹ́ǹtì, ilẹ̀ ń ṣú lọ. Pa ìwé yẹn dé."

"Ẹran kẹtàlá ni mo dé, sà. Ṣé ẹ ní kí n purọ́ sínú ìwé ìjọba ni?"

Ọ̀gá náà, tó ti ń purọ́ sínú ìwé ìjọba láti ọdún mọ́kànlá, wúkọ́, ó bá tirẹ̀ lọ.

Oòrùn ti ń kan orí òkè kí ẹran kẹrìnlélógún tó wọ ìwé. Sájẹ́ǹtì àti ìyá Nieves rọra gbé e dìde bí ẹni gbé gíláàsì fèrèsé. Pákó sọ̀ kalẹ̀. Ó bà lé ìlà yẹn gan-an, kò lé, kò dín. Sájẹ́ǹtì kọ ọ́ sílẹ̀, ó pa ìwé dé, kò tilẹ̀ wo ojú rẹ̀. "Ọjọ́ Ajé, aago márùn-ún ìdájí. Tó o bá pẹ́, mo máa lé ọ."

Pálọ̀ tún hó fún ẹ̀rín. Rogelio ń nu omi ojú. Dóńà Saturnina, ìyàwó olóògbé, tó ń kó ife jọ, nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró níwájú Nieves.

"Ìwọ lọmọ yẹn?"

"Èmi ni, Mà."

"Ìka ẹ̀ ò ká lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ọ̀rá ni mo fi wọ́ ọ fún un. Mo ní, báwo làwọn ọmọ tọdún yìí ṣe rí? Ó ní wọ́n kúrú lẹ́sẹ̀, wọ́n kúrú lọ́gbọ́n. Ó mu ọbẹ̀ ẹ̀ tán. Ìgbà tó yá ló wá ní, 'Saturnina, gbogbo wọn pátá ni wọ́n gbé wá. Ẹnì kan ṣoṣo ló fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn dé.'"

Nieves dìde. Ó gba ife lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì lọ fọ̀ wọ́n.