Ọ̀dà Tó Wu Màmá Mi

Bí akunlé ṣe ṣí agolo ọ̀dà nílé mi ní Lokogoma láàárọ̀ yìí, òórùn rẹ̀ gbé mi padà sí ìgbà èwe mi, sí pálọ̀ wa ní Garki, nínú ilé tí ìjọba fún bàbá mi gbé.

Ọ̀sán gangan ni, ooru mú. Akunlé ti fi ọ̀dà méjì kun ara ògiri díẹ̀ kí àwọn òbí mi lè yan ọ̀kan. Ọ̀kan funfun bí ògì, èkejì dà bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Màmá mi fọwọ́ kan èyí tó dà bí ewé, ó sì lẹ̀ mọ́ ọn ní èékánná.

"Èyí ló wù mí, Bàbá Dúpẹ́."

"Ilé ìjọba nìyí," ni bàbá mi wí. "Jẹ́ ká fi ìyẹn pamọ́ de ilé wa ní Ìkẹ́rẹ́."

Àwo tánganran àti bẹ́díṣíìtì tuntun ti wà nínú páálì, Ìkẹ́rẹ́ ni àwọn náà ń dúró dè.

"Kò burú," ni màmá mi wí.

Inú mi dùn. Mo rò pé bí a bá ti gba họ́lídè, ibẹ̀ la máa kó lọ. Títí ó fi bu oúnjẹ fún wa, ọ̀dà náà ṣì wà ní èékánná rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tí a máa sin màmá mi la tó fi irú ọ̀dà náà kun ilé Ìkẹ́rẹ́. Bàbá mi dúró níta, ó ń wo ògiri.

"Dúpẹ́, ṣé bí èyí tó wù ú ṣe rí nìyẹn?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n èékánná màmá mi nìkan ni mo ń rí.