Àga Tí Bàbá Ọkọ Mi Yọ Ìjókòó Rẹ̀

Bí mo bá ti gbọ́ òórùn pákó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là, orúnkún ọ̀tún mi ni ọwọ́ mi máa ń kọ́kọ́ lọ. Ìyàwó tuntun ni mí ní Ìwó nígbà náà, ọdún díẹ̀ kí Nàìjíríà tó gba òmìnira. Mo yọ̀ ṣubú lórí àpáta odò pẹ̀lú ìkòkò omi lórí, egungun orúnkún mi sì fọ́. Wọ́n gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn àwọn òyìnbó, ọ̀nà jíjìn, wọ́n ṣí orúnkún náà, wọ́n tò ó, wọ́n sì rán an. Lọ́jọ́ tí a ń lọ sílé, dókítà kìlọ̀ pé mi ò gbọdọ̀ kúnlẹ̀ títí òun yóò fi sọ pé ó tó.

Ta ló ń sọ irú ìyẹn fún ìyàwó ilé? Àwa tí à ń kúnlẹ̀ kí ọmọ ọwọ́, bí wọ́n bá ṣáà ti bí i kí á tó wọlé ọkọ! Ọjọ́ kẹta tí mo délé, ẹ̀gbọ́n ìyá ọkọ mi, ìyá àgbà kan tí gbogbo agbo ilé ń bẹ̀rù ẹnu rẹ̀, wọlé wá kí mi. Ǹ bá sọ pé mo gbàgbé, ṣùgbọ́n irọ́ ni, ojú ló tì mí. Mo gbìyànjú dìde lórí ẹní, mo kúnlẹ̀. Mo sọ pé "Ẹ kú àbọ̀, Màmá" tán kí n tó figbe ta. Ojú rírán já. Wọ́n tún gbé mi padà, dókítà sì ní bó bá tún já, ẹsẹ̀ náà á gan bí igi títí ayé. Mo sunkún láti ibẹ̀ délé. Mi ò tíì bímọ, mo wá fẹ́ di arọ.

Bàbá ọkọ mi kò bá mi sunkún. Káfíńtà ni wọ́n, wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n wo ẹní mi, wọ́n wo ẹsẹ̀ mi, wọ́n padà sí ìsọ̀ wọn. Ibùsùn gíga ni wọ́n kọ́kọ́ kàn, kí n má máa ti ilẹ̀ dìde, wọ́n sì so okùn mọ́ àjà lókè rẹ̀ tí mo fi ń fa ara mi sókè. Wọ́n kan àga gíga alápá. Wọ́n gbẹ́ ihò sáàárín òmíràn, wọ́n gbé póò sábẹ́ rẹ̀, kí n má máa lóṣòó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú àga àtijọ́ kan, wọ́n yọ ìjókòó rẹ̀ kúrò, wọ́n ní kí n dúró sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí n máa gbé e síwájú, kí n sì máa tẹ̀ lé e. Àwọn ará ilé fi wá rẹ́rìn-ín. Èmi gan-an rò pé àgbà ti ń dé sí Bàbá.

Àlùfáà ti ní kí n máa jókòó kírun. Ọlọ́run gbà á lọ́wọ́ mi bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ará ilé ọkọ ò fẹ́ gbà á. Lọ́jọ́ kan ìyá àgbà dúró láàárín àgbàlá, wọ́n ní, "Ìyàwó wá jókòó sórí àga gíga, àwa wà ní ìdúró, ó ń kí wa! Ọ̀nà wo nìyẹn?"

Bàbá jáde, ayùn ṣì wà lọ́wọ́ wọn. "Gbogbo ilé, ẹ gbọ́ o. Ìkúnlẹ̀ ìyàwó yìí, ọwọ́ mi ló wà. Ẹni tó bá fẹ́ tirẹ̀, kó wá bèèrè lọ́wọ́ mi."

Bàbá padà sídìí pákó tí wọ́n ń là.

Láràárọ̀ ni mò ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ yí ọmọ ọlọ síwá sẹ́yìn kí orúnkún lè máa ká. Ó dùn mí dé ọpọlọ. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Láti ẹnu ọ̀nà yàrá, mo dé ìdí kànga, mo dé ìsọ̀ Bàbá. Nígbà tí Iléyá ku ọ̀sẹ̀ kan, dókítà ní ó tó. Ọkọ mi nìkan ni mo sọ fún.

Lọ́jọ́ ọdún, nígbà tí wọ́n ti Yídì dé, tí gbogbo wọn jókòó sí àgbàlá, mo fi àga Bàbá sílẹ̀ ní yàrá. Mo dá rìn kọjá lójú gbogbo wọn, mo sì fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ níwájú Bàbá. "Ẹ kú ọdún, Bàbá." Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n ṣàdúrà fún mi. Wọ́n wá gbójú sókè wo àwọn ará ilé.

"Ó yá, kí kálukú wá gba tirẹ̀!"

Ilé hó yèè. Ìyá àgbà ló kọ́kọ́ dìde. Kí orúnkún mi tó kan ilẹ̀, wọ́n ti di ìgbọ̀nwọ́ mi méjèèjì mú. "Má ṣe é, ọmọ mi. Mo ti gbà á." Mo kúnlẹ̀ fún tọmọdé tàgbà lọ́jọ́ náà, kò sì sí olorì tó yangàn tó mi.

Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, àwọn dókítà pààrọ̀ orúnkún yẹn kan náà fún mi. Ọmọ mi obìnrin kó ẹrù wọlé: irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n fi ń rìn, àga ìgbọ̀nsẹ̀ gíga, irin tí wọ́n ń dì mú dìde lórí ibùsùn. Ó ní, "Màmá, ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nìyí o!" Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Iṣẹ́ Bàbá ni gbogbo rẹ̀, irin ni wọ́n kàn fi rọ́pò igi.

Dókítà tuntun yìí náà ní kí n má fi orúnkún náà kúnlẹ̀ mọ́ láyé. Ó rọra ń sọ ọ́, ó rò pé yóò dùn mí. Mo ní, "Kò burú, ọmọ mi. Kálukú ti gba tirẹ̀."