Gíláàsì Tí Mo Fi Wo Oòrùn

Wẹ́dà ni bàbá mi ní àdúgbò Coconut, irin ara tírélà ló ń fi iná jó pọ̀. Gíláàsì dúdú kan ṣoṣo ló ní, òun ló fi ń dáàbò bo ojú rẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí tísà wa sọ pé èèyàn lè fi irú gíláàsì bẹ́ẹ̀ wo oòrùn. Mo jí i gbé lọ sílé ìwé l'Ájégúnlẹ̀. Mo fi wo oòrùn, àwọn ẹgbẹ́ mi náà ń gbà á wò, ọwọ́ ẹnì kan yọ̀, gíláàsì bọ́ sí gọ́tà, ó fọ́.

Bàbá mi kò nà mí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ojú mi ti mọ iná. Màá ra òmíràn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yẹn kò dé títí dòní. Ó wá ń ṣe bí àwọn wẹ́dà yòókù ní Coconut ṣe ń ṣe: ó di ojú kan, ó fi èkejì ṣiṣẹ́. Lónìí ó di tòsì, lọ́la ó di tọ̀tún, ó ní òun ń fún wọn nísinmi. Bó bá dé nírọ̀lẹ́, ojú á máa ta á bí ẹni pé wọ́n bu yanrìn sí i, ìyá mi á gé ọ̀dùnkún tútù lé e. Èmi tí mo fọ́ gíláàsì ni mò ń bó ọ̀dùnkún.

Ẹ wá wò ó, èmi náà ni mo di tísà físíìsì. Lóṣù tó kọjá, nígbà tí bàbá mi ò ríran mọ́, mo mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú, mo ṣì ń retí pé wọ́n á ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Dókítà ní ẹ̀yìn ojú ló ti jóná, pé abẹ kò lè ṣe é. Wọ́n ní ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Nílé tiwa, ojú tí kò ṣẹ̀ ló fọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a jókòó síwájú ilé, oòrùn ń ta sí wa lára.

"Tísà," ó ní, "abeg, kí ló ń jó nínú oòrùn gan-an?"

"Kò sí nǹkan tó ń jó o, Dádì. Kò sí igi, kò sí epo. Háídírójìn ni, afẹ́fẹ́ tó fúyẹ́ jù lọ. Láàárín oòrùn, ooru pọ̀, ìfúnmọ́ra pọ̀, débi pé háídírójìn mẹ́rin á wọnú ara wọn, wọ́n á di hílíọ̀mù kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ìràwọ̀. Ẹyọ kan yẹn kì í wúwo tó mẹ́rin. Díẹ̀ tó dín yẹn ló ń di ìmọ́lẹ̀ tó ń dé ọ̀dọ̀ wa."

"Iṣẹ́ wẹ́dà ni wọ́n ń ṣe lọ́hùn-ún nìyẹn." Ó mi orí. "Kò ní tán?"

"Á tán, sà. Àmọ́ ó ṣì máa pẹ́ gan-an."

"Tèmi ò pẹ́."

Láti ọjọ́ tí gíláàsì ti fọ́, mi ò tíì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ rí, ó sì ti pẹ́ jù.

"Lọ́jọ́ tó o gbé gíláàsì mi," ó ní, "báwo ni oòrùn ṣe rí? Èmi ò fi wò ó rí. Iṣẹ́ nìkan ni mo fi í ṣe."

Mo sọ fún un pé ó rí roboto, pé ó ní àwọ̀ ewé, kò tilẹ̀ ju bọ́tìnnì ẹ̀wù lọ.

"O káre," ó ní. Ó gbé ojú sókè síbi tí ooru ti ń wá, ó la méjèèjì sí oòrùn, kò sì ṣẹ́jú.