Èèkàn Tí Mo Yà Nítorí Igi Irú Mi

Lọ́jọ́ tí Baálẹ̀ ní èmi ni kí n mú ọ̀nà abà wa, ẹ̀rín ni àwọn ọkùnrin bú sí.

Abà wa wà láàárín Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, ó jìnnà díẹ̀ sí títì ọlọ́dà. Nígbà náà, ẹsẹ̀ la fi ń gbé ẹrù dé títì kí a tó wọ mọ́tò lọ tà á ní ọjà Takie ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìjọba ìbílẹ̀ wá ní tí a bá lè la ọ̀nà fúnra wa, tí a ṣán igbó, tí a sì hú kùkùté, àwọn á fi katakata wá tẹ́ ẹ. Ó wá ku ẹni tí yóò sọ ibi tí ọ̀nà máa gbà.

Sùlè, tó lẹ́nu jù nínú wọn, ní, “Baálẹ̀, ṣé obìnrin ni yóò máa fi ọ̀nà hàn wá ni?”

Baálẹ̀ ò tiẹ̀ gbójú sókè. “Ta ló ti ń ru ẹrù gba ibẹ̀ láti ogún ọdún? Ṣé ìwọ tí ò ń gun kẹ̀kẹ́ ni?”

Òtítọ́ ni. N ò kàwé kọjá ìwé kejì, ṣùgbọ́n ọrùn mi mọ ibi tí ilẹ̀ ti ga àti ibi tó ti rẹlẹ̀. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí: màá bu omi kún abọ́ dé ẹnu, màá gbé e rù láì fọwọ́ dì í mú, màá sì máa rìn lọ jẹ́jẹ́. Ibi tí omi ò bá ti dà, ọkọ̀ á gbà á. Ibi tí omi bá ti dà sí mi lọ́rùn, ọkọ̀ tó kún ò ní rọrùn gbà á, ká yáa wá ibòmíràn. Sùlè ló ń tẹ̀ lé mi, tó ń kan èèkàn, tó ń so àkísà pupa mọ́ ọn lórí. Ẹni tó bá rí àkísà pupa lóko rẹ̀ mọ̀ pé ọ̀nà ń bọ̀, kó má gbin nǹkan kan síbẹ̀ mọ́.

Nígbà tí a dé oko Ìyá Ráfíù, àárín ẹ̀gẹ́ rẹ̀ gan-an la bọ́ sí. Ó sáré jáde láti inú ahéré.

“Ìyá Ayọ̀, ẹ jọ̀ọ́, oṣù mẹ́ta péré ló kù kí n wú u. Ẹ yà á díẹ̀.”

“Tí mo bá yà á fún yín, màá yà á fún ẹni tó kàn. Ọ̀nà á wá lọ́ bí ìfun ewúrẹ́.”

Ó pòṣé. “Ó dáa. Ẹ ó dé oko tiyín náà.”

Ọ̀sán ọjọ́ kejì la dé ibẹ̀. Ìyá mi ló fi igi irú kan sílẹ̀ fún mi lóko yẹn. Irú tí mo sè nínú èso rẹ̀ ni mo tà tí mo fi tọ́ ọmọ mẹ́ta. Omi orí mi dúró jẹ́jẹ́ bíi pé inú ìkòkò ló wà, mo sì ń lọ tààrà, àfi bí mo ṣe gbójú sókè tí mo rí i pé ìdí igi náà ni mò ń lọ. Mo dúró. Mo wá yà sápá òsì, lọ́nà àkùrọ̀. N ò tíì gbé ẹsẹ̀ mẹ́wàá tí omi fi dà wàà sí mi láyà.

“Kàn án síbẹ̀,” ni mo wí.

Sùlè wo bùbá mi, ó wo igi. “Ìyá, omi dà o.”

“Òógùn ni.”

Ó kàn án.

Ẹ̀ẹ̀rùn ni katakata tẹ́ ọ̀nà náà, ó sì dán. Àṣé òjò ló máa tú àṣírí rẹ̀. Òjò ńlá kejì ni ọkọ̀ tó wá kó ẹ̀gẹ́ Ìyá Ráfíù rì ní kọ́nà tí mo yà yẹn, gbogbo táyà rẹ̀ wọlẹ̀. Ẹ̀gẹ́ kì í dúró deni. Tó bá ti di ọjọ́ kẹta tí wọ́n wú u, ó ti ń bàjẹ́. A wa ẹrẹ̀, a tẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ, a tì í títí. Ọjọ́ kẹrin la tó yọ ọkọ̀, òórùn sì ti gba gbogbo ibẹ̀.

Ìyá Ráfíù ò pariwo. Ì bá pariwo, ì bá sàn fún mi. Ó kàn ní, “Èyí tí ẹ ní kí n wú láìgbó, mo wú u. Èyí tó kù rèé. Igi yín ńkọ́? Ó ń so dáadáa?”

Mo lè ní òjò ló fà á. Ọ̀pọ̀ èèyàn ì bá sì gbà. Ṣùgbọ́n omi ti sọ fún mi, mo sì nu ún nù.

Ilẹ̀ mọ́, èmi fúnra mi ni mo lọ pe agégi. Mi ò dúró wò ó bó ṣe ń wó. Nígbà tó wó tán, mo ru igi ìdáná rẹ̀ lọ sílé Ìyá Ráfíù, láti ẹrù àkọ́kọ́ títí dé ìkẹta. Lẹ́yìn náà ni mo bu omi sí abọ́, mo gbé e rù lójú gbogbo abà, mo sì rìn ín láti oko Ìyá Ráfíù kọjá ìdí igi náà. Ẹ̀kán kan ò dà.

Sùlè ní, “Ìyá, òógùn ò mú yín lónìí o.”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ìyá Ráfíù náà yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ṣùgbọ́n mo rí èjìká rẹ̀ tó ń mì.

Láti ìgbà náà, abà mẹ́rin mìíràn ti pè mí láti mú ọ̀nà fún wọn. Ohun tí mo máa ń kọ́ ẹni tó bá fẹ́ ru abọ́ lẹ́yìn mi ò ju ẹyọ kan lọ: tí o bá ti dé oko ara rẹ, gbé abọ́ náà fún ẹlòmíràn.

Ọrùn mi ò gba ẹrù mọ́ báyìí. A hú gbòǹgbò igi yẹn tó wà lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n ìyókù kùkùté rẹ̀ ṣì wà lẹ́bàá ọ̀nà, ibẹ̀ ni àwọn ọlọ́kadà ti ń já èrò sílẹ̀, Kùkùté ni wọ́n sì ń pè é. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mò ń bọ̀ láti Takie. Ọlọ́kadà tí mo gùn ní títì ò mọ̀ mí rí.

“Ìyá, ibo lẹ ti máa bọ́ọ́lẹ̀?”

“Kùkùté.”

“Kùkùté ta ni wọ́n tiẹ̀ ń pè bẹ́ẹ̀?”

“Tèmi ni,” mo wí. “Máa lọ, ọ̀nà ibẹ̀ dáa.”