Fídíò Màámi Tí Mo Fi Wá Admission

Ẹ jẹ́ kí n ro ẹjọ́ ara mi fún yín lónìí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí dáadáa mọ̀ pé n kì í gbé ọ̀rọ̀ ilé wa wá sí gbangba. Ṣùgbọ́n èyí ti ń jẹ mí nínú láti bí oṣù mélòó kan, bí mo bá sì tún gbé e mì, yóò há mi lọ́fun.

Ràfíátù ni orúkọ mi. Àgbádárìgì níbí ni wọ́n bí mi sí. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni bàbá mi, wọ́n ń ta táyà ọkọ̀ létí títì márosẹ̀. Ègùn ni Màámi, ọmọ Apa ni wọ́n. Yorùbá là ń sọ nílé. Ègùn tí mo gbọ́ kò ju kí n kí èèyàn, kí n ná ẹja, kí n sì mọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń bú mi!

Olùkọ́ ni mí ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Imeke. Ọmọ mẹ́ta wà ní kíláàsì mi tí ọ̀rọ̀ kì í já gaara lẹ́nu wọn. Ọ̀kan ń kólòlò débi pé omi á lé ròrò sí i lójú kó tó dárúkọ ara rẹ̀. Àwọn ọmọ yìí ló jẹ́ kí n pinnu pé mo fẹ́ lọ ka masters nínú speech therapy, iṣẹ́ àwọn tó ń tọ́jú ẹni tí ọ̀rọ̀ sísọ bá nira fún.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ojú mi rí tó! Linguistics ni mo kà tẹ́lẹ̀, mo rò pé ìyẹn ti tó. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ní kò tó. Wọ́n fẹ́ transcript, wọ́n fẹ́ lẹ́tà ẹlẹ́rìí mẹ́ta, wọ́n sì ní mo gbọ́dọ̀ ti jókòó ti oníṣẹ́ náà fún ọ̀pọ̀ wákàtí kí n máa wo bó ṣe ń ṣe é. Ta ni mo fẹ́ jókòó tì ní Àgbádárìgì? Ọlọ́run ló jẹ́ kí n mọ Aunty Bímpé, tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ náà ní ọsibítù kan láàárín Èkó. Gbogbo ìsinmi ilé-ìwé wa ni mo fi ń jí lọ bá wọn, màá jókòó sí kọ̀rọ̀ yàrá wọn pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ mi, màá máa wò.

Ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́rin ni mo kọ̀wé sí. Méjì já mi kulẹ̀ kíákíá. Ó wá ku méjì: ọ̀kan ní ìlú òyìnbó, ọ̀kan nílẹ̀ wa níbí.

Ibi tí mo bá a dé nìyẹn tí Màámi fi ṣubú.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Ṣúbúhì tán ni, wọ́n ń fọ àwo. Mo gbọ́ tí àwo fọ́. Mo ní kí n wá kó àfọ́kù, àfi bí mo ṣe bá wọn nílẹ̀, tí ẹnu wọn ti yà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Wọ́n lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní ọsibítù. Nígbà tí wọ́n padà wálé, ẹsẹ̀ ti ń gbà díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu dákẹ́ pátápátá.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ègùn ni gbogbo rẹ̀. Yorùbá tí wọ́n fi tọ́ mi dàgbà, tí wọ́n fi bá bàbá mi gbé fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún, kò sí èyíkéyìí níbẹ̀ mọ́.

Bàbá mi kò gbọ́ Ègùn. Lọ́jọ́ kan, wọ́n pè mí sẹ́yìn ilé, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀, wọ́n ní, “Ràfí, ṣé ìyá rẹ ń bínú sí mi ni? Kí ni mo ṣe tí wọ́n fi ń fi èdè tí mi ò gbọ́ dá mi lóhùn?”

Mo ṣàlàyé títí. Wọ́n mirí, ṣùgbọ́n mo rí i pé kò wọ̀ wọ́n létí.

Àsìkò yẹn gan-an ni ilé-ẹ̀kọ́ òyìnbó ní kí n fi fídíò kékeré ránṣẹ́, kí n sọ ìdí tí mo fi fẹ́ ṣe iṣẹ́ náà. Ṣadé, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń kọ́ni ní Imeke, ní, “Kí lo tún ń rò? Àwọn òyìnbó fẹ́ràn ìtàn! Fi Màámi sí i. Kò sí ẹni tó máa wò ó tí kò ní sunkún.”

Mo sì ṣe é.

Ìrọ̀lẹ́ ni. Mo gbé Màámi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo gbé fóònù sórí àga níwájú wa, mo mú ife omi dání. Mo ní, “Màámi, kí lèyí?”

Wọ́n wo ife náà. Wọ́n ní, “Osin.”

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé àdúgbò wa mọ̀ pé omi nìyẹn ní Ègùn. Èmi náà mọ̀. Ṣùgbọ́n mo ní, “Rárá o, Màámi. Ẹ sọ pé omi.”

Wọ́n na ọwọ́ tó ṣì lágbára. Mo fa ife sẹ́yìn. “Omi, Màámi. Ẹ wí i.” Wọ́n tún ní osin. Mo tún fà á sẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin! Nígbà tó yá, òógùn ti bò wọ́n níwájú orí, wọ́n fi ipá gbé e jáde: “O... mi.” Mo pariwo Alihamudulilahi, mo sunkún níwájú fóònù, mo wá fún wọn mu.

Mo gbà lọ́kàn mi pé oore ni mo ń ṣe. Ṣebí Yorùbá ni bàbá mi fẹ́ gbọ́? Ṣebí iṣẹ́ tí mo fẹ́ lọ kọ́ náà nìyẹn? Mi ò béèrè lọ́wọ́ wọn kí n tó fi fídíò náà ránṣẹ́. Kò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn pé ó yẹ kí n béèrè.

Wọ́n gbà mí! Wọ́n kọ̀wé pé fídíò mi kan gbogbo àwọn tó wò ó lọ́kàn, wọ́n sì tún fún mi ní ìrànwọ́ owó ẹ̀kọ́. Ilé wa dà bí ọjọ́ ọdún. Bàbá mi ní kí n fi fídíò náà ránṣẹ́ sórí fóònù tiwọn, wọ́n ń fi han gbogbo oníbàárà tó bá wá ra táyà.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, ilé-ẹ̀kọ́ ti ilẹ̀ wa náà pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Bàbá àgbà kan níbẹ̀ bi mí pé èdè wo ni màá fi tọ́jú àwọn èèyàn. Mo dáhùn kíá pé gẹ̀ẹ́sì ni. Wọ́n kọ nǹkan sílẹ̀. Nígbà tí èsì dé, wọ́n ní wọ́n gbà mí, ṣùgbọ́n màá kọ́kọ́ fi ọdún kan ka àwọn ìpìlẹ̀ tí mi ò kà rí. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ọdún kan gbáko, nígbà tí ìlú òyìnbó ti ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ fún mi?

Mo lọ fún Aunty Bímpé ní ìròyìn ayọ̀. Mo fi fídíò hàn wọ́n, mò ń retí kí wọ́n dì mọ́ mi. Wọ́n wò ó tán, ojú wọn kò yí padà. Wọ́n ní, “Kí ni wọ́n kọ́kọ́ sọ?”

“Osin, mà.”

“Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?”

“Omi ni, mà.”

“Kí ló wá dé tí o kò fún wọn?”

Mo gba fóònù mi padà lọ́wọ́ wọn.

Wọn ò bú mi o. Kí wọ́n tiẹ̀ bú mi ì bá sàn. Wọ́n ṣàlàyé fún mi pé ẹni tó gbọ́ èdè méjì, bí àìsàn bá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ọ̀kan lè ṣáájú èkejì padà, èkejì sì lè má padà mọ́. Pé èyí tó bá yọjú, òun lèèyàn ń dì mú, wọn kì í lé e. Wọ́n ní àwọn kò sọ pé kí n má lọ. Wọ́n kàn bi mí pé, “Àwọn tó gbà ọ́ tìtorí fídíò yìí, ṣé ẹnì kankan nínú wọn béèrè ohun tí mo béèrè yìí?”

Kò sí ẹnì kankan.

Mò ń ro ìyẹn bọ̀ wálé, àṣé èyí tó burú jù ṣì wà níwájú. Mo bá àlejò méjì ní pálọ̀, bàbá mi ń fi fídíò hàn wọ́n. Màámi gbọ́ ohùn ara wọn láti yàrá. Wọ́n fara ti ògiri wá, wọ́n dúró lẹ́yìn bàbá mi, wọ́n sì ń wo fóònù náà. Mo rí ojú wọn nígbà tí ọwọ́ wọn nínú fídíò nà, tí ife sì fà sẹ́yìn. Wọ́n yí padà, wọ́n wọ yàrá lọ.

Ọjọ́ mẹ́rin ni wọn ò fi sọ̀rọ̀. Kò sí Yorùbá, kò sí Ègùn. Ọ̀rọ̀ tí a ti ń ṣà jọ lẹ́yọ lẹ́yọ, ṣé èmi ni mo tún lé e lọ?

Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn wọn, mo ń fi Ègùn tí kò dán mọ́rán bẹ̀ wọ́n. Lọ́jọ́ karùn-ún, wọ́n sọ gbólóhùn kan. Mi ò gbọ́ ọ! Ẹ fojú inú wò ó: ìyá tó bí mi sọ̀rọ̀, mo ń wojú wọn bí àjèjì. Àbúrò wọn, Aunty Sẹ̀nàmì láti Apa, wà nílé wa lọ́jọ́ náà. Mo ní kí wọ́n jọ̀wọ́ sọ ọ́ fún mi. Aunty kọ́kọ́ mẹ́nu kúrò níbẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n.

Wọ́n ní, “Wọ́n ní òùngbẹ ń gbẹ àwọn lọ́jọ́ yẹn.”

Mo kàn jáde síta.

Mo kọ̀wé sí ilé-ẹ̀kọ́ òyìnbó. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n máa kọ́ wa bí a ṣe ń tọ́jú ẹni tó gbọ́ èdè méjì, mo sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n pa fídíò náà rẹ́. Wọ́n dá mi lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo wà lórí ìyẹn, gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo iṣẹ́ tó kù. Ní ti fídíò, ṣé mo lè jọ̀ọ́ gbà kí wọ́n máa fi han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun? Mo ní rárá. Wọ́n ní kò burú, àwọn á yọ ọ́ kúrò. Wọ́n sì rán mi létí pé ọjọ́ Jímọ̀ ni mo gbọ́dọ̀ fèsì lórí admission.

Ọjọ́ Jímọ̀ dé, mo kọ̀ ọ́.

Bàbá mi ní, “Ṣé orí rẹ pé? Àwọn èèyàn ń ta ilẹ̀ bàbá wọn kí wọ́n lè lọ!” Ó lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí wọn ò fi dá mi lóhùn tí mo bá kí wọn. Ṣadé ní mo fi àánú ba ayé ara mi jẹ́. Kí ni mo fẹ́ sọ? Bóyá òótọ́ ni.

Mo ti bẹ̀rẹ̀ ọdún ìpìlẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ ti ilẹ̀ wa. Ẹ má rò pé mo ń fò fún ayọ̀ o. Àwa mẹ́rìnlá là ń pín ẹ̀rọ kan lò. Ìgbà mìíràn, olùkọ́ á ní òun ń bọ̀, a ò ní rí i. Bí mo bá rí àwòrán àwọn tó lọ sí ibi tí mo kọ̀ sílẹ̀, inú mi máa ń bàjẹ́. Kí n má purọ́ fún yín. Ohun tó sì ń bà mí lẹ́rù jù ni pé ọdún mẹ́ta ló kù kí n tó parí, Màámi kò sì dúró sójú kan.

Aunty Sẹ̀nàmì ń wá sílé wa lójoojúmọ́ báyìí láti bá wọn sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ ti padà díẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mo wà nílé, mo gbọ́ tí bàbá mi ń bi Aunty bí wọ́n ṣe ń sọ “ṣé ẹ sùn dáadáa” ní Ègùn. Bàbá mi lọ sọ ọ́ fún Màámi. Wọ́n bà á jẹ́ pátápátá! Màámi rẹ́rìn-ín, èyí tí mo kọ́kọ́ gbọ́ láti ìgbà tí àwo ti fọ́.

Ṣùgbọ́n èmi ńkọ́? Màámi ń jẹun lọ́wọ́ mi, wọ́n ń jẹ́ kí n di irun wọn. Síbẹ̀, bí mo bá gbé fóònù sókè, ìbáà ṣe láti wo agogo, wọ́n á yí ojú sí ògiri.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ kò pọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ilé-ẹ̀kọ́ fún irú iṣẹ́ yìí, kí ẹ tó wo orúkọ rẹ̀ àti ìlú tó wà, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé ta ló máa jókòó síwájú yín lọ́jọ́ tí ẹ bá parí, èdè wo ló sì máa fi pè yín. Ẹ má sì fi ìrora ẹni tí kò lè fẹnu ara rẹ̀ sọ pé rárá wá ojú rere ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ti yan èyí tí àwọn èèyàn ń fi yín ṣẹ̀fẹ̀ nítorí rẹ̀, ẹ sọ fún mi bó ṣe padà rí. Bí ẹnì kan bá sì wà níbí tó ti ṣẹ òbí rẹ̀ báyìí rí, ẹ dákun, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ yìí fún mi: ó tó ìgbà wo kí wọ́n tó wojú yín?