Ìwọ̀n Ọ̀fun Ẹṣin

Ẹni tó bá sọ fún yín pé àwọn ọ̀mọ̀wé ló jókòó pinnu bí ọta ọ̀dà, èyí tí wọ́n ń fi ìbọn yìn, ṣe máa tóbi tó, irọ́ ló pa. Ardith Kowalke ló fà á, ọkọ rẹ̀ ló sì ń wá kiri.

Kápúsù oògùn là ń ṣe nílé iṣẹ́ wa ní Michigan. Awọ rírọ̀ méjì á gba àárín irin róbótó méjì tó ń yí, ihò ara irin á pàdé, oògùn á dà sí i, kápúsù á já bọ́. Ìbejì là ń pe irin méjèèjì, torí ọwọ́ kan ló ń gbẹ́ wọn pọ̀. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, èkejì ti di pàǹtí. Delmar, ọkọ Ardith, ló gbẹ́ ìbejì oògùn ẹṣin. Oògùn yẹn tó orí àtàǹpàkò ọkùnrin, kò ju ohun tí ọ̀fun ẹṣin lè gbé mì lọ. Nígbà tí wọn ò rà á mọ́, wọ́n ní kí Delmar máa lọ sílé. Ó bá forí lé Oregon, ó lọ ń fi ọ̀dà sàmì sí igi tí wọ́n fẹ́ gé. Ó ní tí òun bá ti rílé gbà, òun á ránṣẹ́ pe ìyàwó òun. Ilé wo lèèyàn ń wá tí ọdún fi ń gorí ọdún? Ẹ bá mi bi í o!

Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, tí a bá fẹ́ jẹun ọ̀sán, Ardith á gbé ìbejì yẹn wálẹ̀ láti orí pẹpẹ, á máa fi epo nù ún.

"Ardith, irin ni o, kì í ṣe ọmọ," mo máa ń sọ fún un. "Kọfí ẹ ti ń tutù."

"Bernice, ọwọ́ ẹ̀ ló gbẹ́ ẹ. Ibi tó kù tí mo ti lè fọwọ́ kàn án nìyẹn."



Ọ̀gá wa, Pruitt, kì í fẹ́ rí irin tí kò ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ kan ó ní ìbejì ti ẹṣin ń lọ síbi tí wọ́n ti ń yọ́ irin.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún un láàyè díẹ̀ sí i," Ardith bẹ̀ ẹ́.

"Ṣé ilé arúgbó irin ni mo ṣí síbí ni?"

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni àwọn oníṣẹ́ igbó dé. Wọ́n fẹ́ ọta tí ọ̀dà wà nínú ẹ̀, kí wọ́n lè dúró lódìkejì àfonífojì, kí wọ́n yìn ín mọ́ igi tí ẹsẹ̀ ò lè dé. Wọn ò mú ìwọ̀n kankan wá, wọ́n sì fẹ́ ẹ kí yìnyín tó bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ìbejì tuntun kì í ṣe iṣẹ́ kíákíá, ẹni tó sì mọ̀ ọ́n gbẹ́ jù ti wà ní Oregon.

"Ti ẹṣin ńkọ́?" Ardith ló pariwo bẹ́ẹ̀.

Pruitt họrí. Bí ọ̀dà ṣe wọlé síbi tí oògùn ti jáde nìyẹn. Àwọn oníṣẹ́ igbó ò béèrè ìdí. Ohun tí a fún wọn ni wọ́n lọ gbẹ́ ẹnu ìbọn wọn bá mu.

Inú Ardith dùn débi pé ó ń kọrin lẹ́nu iṣẹ́. "Á dé Oregon. Tí Delmar bá ti fọwọ́ kàn án, á mọ̀ pé tòun ni. Á pè mí."

"Ṣé kò mọ nọ́ńbà ẹ tẹ́lẹ̀ ni?"

Ó kẹ̀yìn sí mi, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ó pè lóòótọ́. Yìnyín ti yọ́ tán nígbà tí fóònù ara ògiri dún, wọ́n ní Oregon ni. Ardith sáré nu ọwọ́. Mo bá a gbé etí sí i. Ẹ má bínú, àgbàyà ni mí.

"Ardy? Ìbejì mi ni wọ́n fi ṣe é, àbí? Mo mọ̀ ọ́n! Bó ṣe bọ́ sí mi lọ́wọ́ báyìí, mo ní, tèmi rèé!"

"Tìẹ ni, Delmar. Èmi ni mi ò jẹ́ kí wọ́n yọ́ ọ."

"O káre! Ṣé etí ihò ẹ̀ ṣì mú? Kò dípẹtà?"

"Mò ń fi epo nù ún."

"Kò sán níbì kankan?"

"Kò sán."

"Ó dáa. Ó dáa gan-an. Ẹ kú iṣẹ́ o."

Ó gbé fóònù sílẹ̀. Ẹ kú iṣẹ́! Bí ẹni ń kí gbogbo ilé iṣẹ́.

"Bernice," Ardith ní, "ó béèrè bóyá irin dípẹtà."

Mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi kọ́ ara ògiri.

Ó gba ọ̀dọ̀ Pruitt lọ tààrà. "Ọ̀gá, ẹ gbẹ́ òmíràn. Kó kéré ni o, kó tóbi ni o, èyí tó bá wù yín. Ẹ lọ yọ́ ti ẹṣin yẹn."

"Ṣé orí ẹ pé? Gbogbo ẹnu ìbọn ni wọ́n ti gbẹ́ bá a mu. Àwọn ilé iṣẹ́ tó kù náà ti ń gbẹ́ tiwọn sí ìwọ̀n yẹn. Ta ló fẹ́ yí i padà báyìí?"

Ardith padà sídìí ẹ̀rọ. Ọta ọ̀dà ń já bọ́ sínú àwo níwájú rẹ̀, ó ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ìka yẹ ara wọn wò bóyá wọ́n pé. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Àárò ọkùnrin yẹn ṣì ń sọ ọ́.